Afẹ́fẹ́ Tútù fún Ọ̀fun Ẹ́ńjìnnì

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi ọkọ̀ kó èrò tàbí ẹrù láti Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, kọjá sí Iléṣà, ilé Ọwá Obòkun, tí ó sì tún forí lé ọ̀nà Àkúrẹ́ ní ọ̀sán gangan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, yóò ti rí ohun kan tí ó máa ń ya awakọ̀ lẹ́nu: pé ọkọ̀ kan náà tí ó fi ìdájí gun àwọn òkè tí ó wà lẹ́yìn Ìwàràjà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń jẹ̀kọ, nígbà tí ìrì ṣì wà lára koríko, ni yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè kan náà nígbà tí oòrùn bá kàtàrí, tí awakọ̀ yóò tẹ tòtù títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kanlẹ̀, tí ọkọ̀ kò sì ní dá a lóhùn. Ẹrù kò pọ̀ sí i, epo kò yí padà, òkè kò sì ga ju bí Elédùmarè ti dá a lọ. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mí sínú ni ó yàtọ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ní Ọ̀fàtẹ̀dó wa níhìn-ín, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dọrẹ, ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń wí fún ayé pé àwọn ọmọ Ọ̀fà, ọmọ ìjàkadì, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, mo ti rí àwọn ọlọ́kọ̀ tí wọ́n ná owó gọbọi sórí àìsàn tí kò ju ti ọ̀fun lọ.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí kí òyìnbó tó gbé ọkọ̀ dé. Bí èédú ti wù kí ó pọ̀ tó nínú iná àgbẹ̀dẹ, irin kò ní pọ́n àfi bí ọmọdé tí ń fẹ́ ẹwìrì bá ń fẹ́ ẹ láìdáwọ́ dúró; bí ó bá tòògbé, iná a bá a tòògbé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò ju ilé àgbẹ̀dẹ kékeré lọ, tí ó ń fẹ́ ẹwìrì ara rẹ̀. Láti ọdún 1876 tí Nikolaus Otto, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti ṣe ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ mẹ́rin tirẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni písítínì ń ṣe: yóò sọ̀kalẹ̀ kí ó lè fa afẹ́fẹ́ òun epo wọlé, yóò gòkè kí ó lè fún wọn pọ̀, púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná sí wọn kí iná náà lè ti písítínì padà sísàlẹ̀ tagbáratagbára, yóò sì tún gòkè kí ó lè lé èéfín jáde gba sàláńsà. Epo ni à ń rà, epo ni à ń tò fún nígbà ọ̀wọ́n, nítorí náà epo nìkan ni à ń rò. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n bẹntiróòlù kan ń fẹ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ bíi 14.7 kí ó tó lè jó tán. Afẹ́fẹ́ gan-an ni òkèlè; epo ni ọbẹ̀. Nígbà ogun Kírìjì, láàrin 1877 sí 1893, tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì parapọ̀ kojú Ìbàdàn lórí àwọn òkè tí kò jìnnà sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ẹ̀tù tí wọ́n ń kì sínú ìbọn kò tọrọ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ohun tí yóò mú un jó ti wà nínú rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tí ó pò ó. Bẹntiróòlù kò rí bẹ́ẹ̀. Yíyá ni ó ń yá èémí lọ́wọ́ ìta, bí èyí tí ó yá bá sì fúyẹ́, agbára rẹ̀ náà yóò fúyẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé ẹ́ńjìnnì kì í gbé afẹ́fẹ́ sórí òṣùwọ̀n. Kọ́ńgò ni ó fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo mọ̀ pé kọ́ńgò gúgúrú kan kò lè wúwo tó kọ́ńgò àgbàdo kan, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ kún dé ẹnu, nítorí pé iná ti wú gúgúrú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ooru ń wú afẹ́fẹ́. Ní 1802 ni Joseph Louis Gay-Lussac, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde pé bákan náà ni ooru ń wú gbogbo ohun tí ó jẹ́ ẹ̀yà afẹ́fẹ́. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ sì ń lò lónìí ni pé, fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan tí ooru bá fi lé, afẹ́fẹ́ yóò fi ìdá kan nínú 273 àyè tí ó gbà nígbà tí omi ń di yìnyín fẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ọkọ̀ wa. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá jẹ́ ìwọ̀n 30, tí ọ̀fun ọkọ̀ kan sì ń fa ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó ti di 60, kọ́ńgò yóò kún bí ó ti máa ń kún, ṣùgbọ́n ìwọ̀n bíi 9 nínú 100 ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ ti fò lọ. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó gbóná tó 60 kò sì jẹ́ tuntun nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ oríta Ọlá-Ìyá lọ́sàn-án.

Adínkù yìí nìkan kọ́. Afẹ́fẹ́ tí ó ti gbóná kí ó tó wọlé a máa mú kí epo gbiná kí iná púlọ́ọ̀gì tó ràn án dé, èyí sì ni ìró kọ́kọ́kọ́ tí à ń gbọ́ lórí òkè, bí ẹni ń ju òkúta wẹẹrẹ sínú ìkòkò irin. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ìgbàlódé kì í fẹ́ gbọ́ ìró yìí rárá. Bí ó bá ti fura sí i, yóò yí àkókò ṣíṣáná padà kí písítínì má baà fọ́, agbára yóò sì tún dín sí i. Ọ̀nà méjì ni ooru ń gbà jalè lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí a má baà dá àwọn tí wọ́n ṣe ọkọ̀ lẹ́bi láìnídìí, ó yẹ kí a rántí pé ilẹ̀ olótùútù ni ọ̀pọ̀ wọn ń rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Níbi tí yìnyín ti ń bọ́, afẹ́fẹ́ tí ó tutù jù a máa dọ̀tá kábúrétọ̀: omi inú rẹ̀ a dì sí ọ̀fun kábúrétọ̀, epo náà kì í sì tètè di oru. Ìdí nìyí tí Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá fi ní họ́ọ̀sì tí ń gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ sí ilé fílítà, tí àwọn ọkọ̀ Yúróòpù mìíràn ìgbà náà sì ní ìdérí kékeré tí a máa ń yí sí ìgbà òtútù tàbí ìgbà ooru. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó ní 1975, mẹkáníìkì tí ó tú irú họ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ dànù ní ilẹ̀ tiwa kò ṣe ohun tí kò tọ́. Àmọ́ ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀ẹ̀míì: ọwọ́ tí ó ti mọ títú ọ̀fun Ìjàpá kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dẹwọ́, ó sì ń bá a lọ lára àwọn ọkọ̀ tí họ́ọ̀sì wọn ń ṣe òdìkejì iṣẹ́ yẹn.

Àwọn awakọ̀ ayé ìjelòó náà ní oògùn mìíràn, èyíinì ni àkísà tí wọ́n fi omi rin tí wọ́n wé mọ́ pọ́ǹpù epo. Àìsàn ọ̀tọ̀ ni ìyẹn ń wò: epo tí ó hó nínú páìpù, tí ó di oru, tí pọ́ǹpù kò fi rí nǹkan kan fà. Mo sọ èyí nítorí pé mo ti rí ẹni tí ó wé àkísà tútù mọ́ ọ̀fun túkúnbọ̀ rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ, àkísà ti gbẹ fúrúfúrú.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, àwọn tí wọ́n ṣe ọkọ̀ ayé òde òní sì ti da omi náà síwájú fún wa. Ilé fílítà, àpótí dúdú onírọ́bà líle yẹn, ní ọrùn gígùn kan tí ó ń yọ́ kẹ́lẹ́ gba ẹ̀yìn iná iwájú lọ, tí ó sì la ẹnu síbi tí afẹ́fẹ́ ìta kò tí ì fara kan rédíétọ̀. Ọrùn yìí gan-an ni ó máa ń sọnù. Ẹni tí ó fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù iná yóò yọ ọ́, yóò gbé e sílẹ̀, kò sì ní dá a padà; bí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan, ọrùn a ṣẹ́, panẹ́ẹ̀bítà yóò na bọ́nẹ́ẹ̀tì títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, a kì í sì í bi í léèrè ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Òmíràn tilẹ̀ wà tí mẹkáníìkì yóò sọ fún ọlọ́kọ̀ pé ọrùn náà ni ó ń fún ọkọ̀ lọ́fun, pé bí a bá gé e kúrò, ọkọ̀ yóò mí dáadáa.

Tèmi náà bá irú rẹ̀ pàdé. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, tí mo ń fọ ibi tí epo ń gbà, tí mo sì ń fi ẹ̀bi lé ilé epo kan sí òmíràn lórí, kí ó tó di ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹlòmíràn, irú tèmi gan-an, dúró sí ẹ̀gbẹ́ tèmi lábẹ́ igi mẹkáníìkì ní Ọ̀fàtẹ̀dó, tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tirẹ̀ ní ọrùn. Tèmi kò ní. Àpótí fílítà tèmi ti la ẹnu sí ẹ̀yìn fáànù rédíétọ̀, bí aláìsàn tí wọ́n tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹ̀bá ààrò. Mo ra tẹmómítà oníwáyà kékeré kan, mo ki etí rẹ̀ bọ inú àpótí náà, mo gbé ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mi, mo sì lọ sí Òṣogbo mo bọ̀. Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń sáré, ìyàtọ̀ òun ti ìta kò pọ̀. Níbi tí a bá ti ń wọ́ bí ìgbín, ó ń gòkè ṣáá ni, bí a bá sì tún padà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń pẹ́ kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá afẹ́fẹ́ tútù padà fún ọkọ̀ rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ ni kí ó wá ọrùn tí ó bá ọkọ̀ náà dé látilẹ̀ wá lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ògbólógbòó ẹ̀yà ọkọ̀. Kò sí ọgbọ́n orí tí ó tó o. Èmi kò rí tèmi rà, ìdí nìyí tí mo fi lọ bá àwọn tí ń ta páìpù omi. Páìpù oníke tí ẹnu rẹ̀ tó íǹṣì 3 ni mo rà, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré ju ẹnu àpótí lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó gba ọ̀fun là lọ́wọ́ ooru, a ó sì tún fi okùn fún un pa. Láti tẹ̀ ẹ́ gba ẹ̀yìn iná iwájú, a di ẹnu rẹ̀ kan, a da yanrìn gbígbẹ kún inú rẹ̀ dẹ́nudẹ́nu, a di ẹnu kejì, a wá ń yí i lókè ẹ̀yinná títí ó fi rọ̀; yanrìn ni kò jẹ́ kí ó pẹ̀ngẹ̀ níbi tí a ti tẹ̀ ẹ́. Ìta gbangba ni kí a ti ṣe é o, nítorí pé èéfín oníke kò dára fún àyà. Ojú ibi tí páìpù ti pàdé àpótí, awẹ́ tíúbù ògbólógbòó tí fọgánáísà gé fún mi ni mo fi wé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí mo sì fi kílíìpù irin dì í mọ́lẹ̀.

Ibi tí a ó la ẹnu páìpù sí ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù, nítorí pé ìsàlẹ̀ iwájú ọkọ̀ ni ó ti rọrùn láti rí afẹ́fẹ́ ìta tí ooru ẹ́ńjìnnì kò tí ì kàn, ibẹ̀ náà sì ni àgbàrá wà. A lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀. A kò lè fún omi pọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá gbé omi mì bí ó ti ń yí lọ́wọ́, irin apá tí ó gbé písítínì dúró ni yóò tẹ̀, owó tí a ó fi tún un ṣe yóò sì ju ohun tí afẹ́fẹ́ tútù lè fún wa ní ogún ọdún. Mo gbé ẹnu tèmi sókè bọ́ńpà, ní ìdọ́gba iná iwájú, mo sì lu ihò kékeré kan sí ibi tí páìpù ti tẹ̀ kodoro jù lọ kí òjò tí ó bá ta sí i lè ro dànù. Ẹ tún fi ti erùpẹ̀ pupa àti ti ọyẹ́ kún un: ẹnu tí ó bá kọjú sí táyà kò ní gbé nǹkan mìíràn mì. Ẹ wo tírélà tí ń kọjá lọ sí Iléṣà. Òkè, lẹ́yìn ilé awakọ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn na ọ̀fun sí, níbi tí ooru kò sí, tí eruku kò sì pọ̀. Kòròpe tí ń ná ìgboro Òṣogbo ni mo ń káàánú, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò rọrùn, n kò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó fi ara rẹ̀ kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹnu bá ti bọ́ sí ibi tútù, ó kù kí a dá ààbò bo ọ̀nà tí ó gbà wọlé, nítorí pé irin tí ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì ń tan ooru sára ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀ bí oòrùn ti ń tàn sára ẹni, bí kò tilẹ̀ fara kàn án. Kì í ṣe ohun tí ó nípọn ni ó ń lé irú ooru yìí padà bí kò ṣe ohun tí ń dán. Àjẹkù páànù alúmínọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn tí ń kanlé ti tó, kí a sì gbé e dúró láàrin méjèèjì kí àlàfo tí ó tó ìka kan wà láàrin òun àti páìpù, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú àlàfo yẹn ni ó ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Panẹ́ẹ̀bítà àgbàlagbà tí ó bá mi gé e ń fi òòlù lu etí páànù náà lójú kan ṣoṣo, tí mo sì ń rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Àṣé kí etí rẹ̀ má baà gé họ́ọ̀sì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n ni. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu ojú kan, ó ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀. Fóìlì tí àwọn ìyá wa fi ń dì mọ́ínmọ́ín láyé tí ewé ti wọ́n yìí náà lè ran páìpù fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, bí a bá wé e mọ́ ọn kí ojú dídán kọ síta. Fóòmù tìmùtìmù ni kí a má lò. Bí epo ẹ́ńjìnnì bá ro sí i, àtùpà ni a gbé sínú ọkọ̀ yẹn.

N kò lè ṣàì sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹ̀tàn tí ó wà nídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn fílítà tí ó rí ṣóńṣó bí òkòtó, tí a fi ń rọ́pò gbogbo àpótí. Ó ń bú bí ẹkùn nígbà tí a bá tẹ tòtù, ọlọ́kọ̀ yóò sì búra pé agbára ti dé, nígbà tí ó jẹ́ pé inú ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni òkòtó náà jókòó sí, tí ń mu ún bí ẹni mu ẹ̀kọ gbígbóná. Etí ni wọ́n fi ń wọn agbára. Tẹmómítà ni kí wọ́n fi wọn afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń mí. Àwọn mìíràn ń fi wọ́ṣà gbé ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè kí ooru lè jáde. Bí ọkọ̀ bá dúró, ooru a jáde níbẹ̀ lóòótọ́. Bí ó bá ń sáré, ìdí gíláàsì iwájú ni afẹ́fẹ́ ti ń kó jọ tí ó sì ń tì, kàkà kí ooru jáde, òmíràn ni yóò wọlé. Èyí tí ó bà mí nínú jẹ́ jù lọ ni yíyọ tẹmosítáàtì kúrò, tí ó ti di àṣà lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ooru tí ó níwọ̀n kí epo lè jó mọ́, kí òróró inú rẹ̀ sì lè ṣàn. Afẹ́fẹ́ tí ó ń mí ni à ń fẹ́ kí ó tutù, kì í ṣe ara rẹ̀. Orí fífọ́ ni à ń wò, wọ́n ń fa eyín yọ.

Àwọn kan tún ń yí họ́ọ̀sì omi gbígbóná tí ó gba ara ilé tòtù kọjá, kí ó má baà mú irin ibẹ̀ gbóná. Ní ilẹ̀ tí kò ti sí yìnyín, èyí kò burú, àfi pé lára àwọn ọkọ̀ kan omi yẹn ni ó ń sọ fún ẹ́ńjìnnì ìgbà tí ó yẹ kí ó dẹ eré dúdúró rẹ̀ sílẹ̀, bí omi kò bá sì dé ibẹ̀ mọ́, eré dúdúró náà kò ní sọ̀kalẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Àǹfààní rẹ̀ kéré. Èmi fi tèmi sílẹ̀ bí mo ti bá a.

Ọkọ̀ mi kò di ọkọ̀ ìdíje, n kò sì retí pé kí ó dì í. Lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú ní òwúrọ̀, n kò mọ ìyàtọ̀. Nínú ọ̀sán, nígbà tí a bá ti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Iléṣà jáde tí a sì kọjú sí òkè Ẹ̀rìnmọ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ ọ́n. Ìró kọ́kọ́kọ́ ti lọ, n kì í sì í já jíà sílẹ̀ mọ́ níbi tí mo ti ń já a tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ tí ń rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín ní ìrọ̀lẹ́ òní nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ fi ọwọ́ tọ ọrùn àpótí fílítà láti ìdí dé ẹnu, kí ẹ wo ibi tí ó parí sí.